Ọ̀pá Ìwọ̀n Àṣàkẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ gba ilé mi kan. Àwọn ọmọ mi ló pe káfíńtà wá láti tún àjà yàrá ṣe, yàrá tí mo ń dá sùn sí láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Ọmọkùnrin káfíńtà náà kò tíì débí rí tó ti dá iye owó lé iṣẹ́ náà. Fọ́tò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Nígbà tó dé, mo ní kó wọn yàrá náà kó tó mú òòlù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, gbogbo irú yàrá yìí, ọ̀kan náà ni."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Láàárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ilé kan náà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni èmi àti Àṣàkẹ́ ń gbé. Bàbá rẹ̀, káfíńtà ará Ògbómọ̀ṣọ́, kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kì í dá iye lé ohun tí kò wọ̀n. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀pá tirẹ̀: á fi ọ̀bẹ gé àmì ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà sí ẹ̀gbẹ́ kan, á gé àmì yàrá kọ̀ọ̀kan sí ìkejì. Ẹni tó bá bi í ní iye lójú ẹsẹ̀, á ní òun fẹ́ lọ bá ọ̀pá òun sọ̀rọ̀ ná. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn ará ilé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀pá ló tún fẹ́.

Níbi iṣẹ́, á tẹ́ ògbólógbòó aṣọ funfun kan tó ti fi èédú ya ìrísí ayùn, òòlù àti àwọn irinṣẹ́ yòókù sí. Àṣàkẹ́ ló ń ṣọ́ aṣọ náà lẹ́yìn ilé-ìwé. Bí ojú irinṣẹ́ kan bá ṣófo nírọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọlé. Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ̀ gan-an ló dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Òòlù wà lápò ṣòkòtò rẹ̀.

Ọdún kan wá tí iṣẹ́ kò lọ. Àjà yàrá mẹ́fà kan wà nílé onílé kan ní Sábó. Bàbá Àṣàkẹ́ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bí iṣẹ́ náà kò bá bọ́ sí i, òun á dá a padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn méjèèjì ti lọ wọn yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sọ iye, mo tẹ̀ lé wọn.

Onílé náà ní iye ti pọ̀ jù. Ó ní káfíńtà mìíràn ti wọn yàrá kan ṣoṣo, ó ti sọ ọ́ di mẹ́fà, iye tirẹ̀ sì kéré, torí ọ̀kan náà ni gbogbo yàrá òun. Mo rí i pé bàbá náà ti fẹ́ gbà.

Àṣàkẹ́ gbé ọ̀pá sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, yàrá tẹ̀yìn yẹn fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ẹsẹ̀ bàtà kan ló fi jù."

Onílé jágbe mọ́ ọn: "Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀? Ṣé ìwọ ni káfíńtà ni?"

Inú bí mi sí Àṣàkẹ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kó dákẹ́, kí wọ́n má baà mú un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo retí pé bàbá rẹ̀ á gbá a létí. Ṣùgbọ́n ó rọra dìde, ó ní, "Ọ̀gá, òun ló wọ̀n ọ́n. Bó ṣe wí náà ni." Ó ní ká máa lọ.

A ti dé géètì kí onílé tó pè wá padà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bẹ̀ wá. Ó ní kí Àṣàkẹ́ mú ọ̀pá wá kí òun fi hàn án pé irọ́ ló ń pa. Òun fúnra rẹ̀ wọn yàrá iwájú, ó wọn tẹ̀yìn. Ó tún tẹ̀yìn wọ̀n. Ó wá dúró síbẹ̀ bí ẹni pé ilé onílé ló wọ.

"Ìgbà wo lẹ lè bẹ̀rẹ̀?" ló sọ níkẹyìn.

Àṣàkẹ́ kò lọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Bí a ṣe ń lọ sílé, mo bi í bóyá ẹ̀rù kò bà á. Ó ní ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀rù òun á wá sọ yàrá náà di kékeré ni?

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo fẹ́ ẹ. Ọ̀pá Sábó wà nínú ẹrù tó gbé wá sílé mi. Nígbà tó kú, àwọn tó wá kí mi ní kí n kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Mi ò kó nǹkan kan. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ọ̀pá náà wà títí dòní.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná pupa ni wọ́n fi ń wọn ilé báyìí, kò sì burú, bí wọ́n bá lò ó. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí ẹnikẹ́ni dá iye lé ohun tí kò wọ̀n. Ọmọ mi obìnrin ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀ jàre." Mo ní rárá. Mo fi ọ̀pá lé káfíńtà náà lọ́wọ́, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ilẹ̀kùn. Mo wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí Àṣàkẹ́ máa ń sùn sí, mi ò sì dìde níbẹ̀ títí tó fi wọn yàrá náà tán.