Ọjọ́bọ̀ Kọ́kọ́ Mọ́ ní Erékùṣù

Bí fóònù bá dákẹ́ díẹ̀ kí ohùn ẹni tó wà lókèèrè tó dé, orí mi á wú. Ilé wa ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Wedding ló ti bẹ̀rẹ̀, nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan tó ku ọ̀la kí a sọ àbúrò mi jòjòló lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n màámi ti pè láti ìlú àgbẹ̀ kékeré kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀sán kò tíì pọ́n. Kò pẹ́ ni bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, náà pè. Ọkọ̀ wọn tó gbéra ní èbúté Hamburg ti gúnlẹ̀ sí erékùṣù oníyanrìn kan ní òkun Pàsífíìkì.

“Ọjọ́bọ̀ ti mọ́ o! Gbé ọmọ wá, kí n pe orúkọ rẹ̀ sí i létí.”

“Bàbá Kúdí, Ọjọ́rú la ṣì wà níbí!” ni màámi dáhùn.

“À ń ṣí lọ báyìí ni. Kò sí fóònù lójú omi.”

Èmi Kúdí di ìró màámi mú. Bàbá mi ti wà nínú ọ̀la, ó sì ń bá wa sọ̀rọ̀!

“Tóò,” ni màámi wí. “Lẹ́sìn tiwa, bí oòrùn bá ti wọ̀, Ọjọ́bọ̀ ti wọlé nìyẹn.” Ó wo àwọn òrùlé tó pọ́n bí epo. “Oòrùn ti wọ̀.” Ó gbé fóònù sí ọmọ létí.

Ọmọ dákẹ́ ẹkún. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi, ó tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn: “Àmínátù.”

Wákàtí méjìdínlógún ló wà láàárín ìlú ẹ̀gbọ́n màámi àti erékùṣù náà. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ ṣírò. Ìṣírò ti oòrùn Wedding ló pẹ́, àná ni mo tó parí rẹ̀: nígbà tí màámi ní ó ti wọ̀, ó ṣì ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí ó tó wọ̀.