Bàbá Mi àti Kọ̀ǹpútà Tó Ń Ké

Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ni bàbá mi kò ti fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Àgbẹ̀ ni wọ́n ní Adó-Odò. Mo lọ mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ilo-Awela, níbi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí, kí wọ́n má baà dá gbé. Wọ́n á jí, wọ́n á kírun, wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, wọ́n á máa wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sílé iṣẹ́. Tí mo bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n á jẹun, wọ́n á mi orí. Tí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ jẹ, wọ́n á tún mi orí. Mo wá ń se ohun tó bá wu èmi.

Inú pálọ̀ yẹn náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń ya bébà aláwọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ike omi àti ike ọṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Sango. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, tí àpótí irin rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì, ni mo fi ń ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tan kọ̀ǹpútà náà. Kàkà kí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, dúdú ló wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké: pììììì. Á dákẹ́ díẹ̀, á tún ní pììììì. Mo pa á. Mo tún tàn án. Igbe kan náà ni. Mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò kà mí sí.

Aládùúgbò mi tó ń ránṣọ ní yàrá kejì yọjú wọlé. Ó ní òun rò pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ wá sínú ilé. Ó ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Mo pe ẹnjiníà tó máa ń bá mi tún un ṣe. Ó ní òun wà nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike, òun ò lè jáde títí wọ́n á fi ṣíwọ́.

"Ẹ fara balẹ̀, mà," ló wí. "Bó ṣe ń ké la fi ń mọ ohun tó ń ṣe é. Ṣé igbe gígùn ni àbí kúkúrú?"

"Ó gùn díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

Mo tan sípíkà fóònù, mo gbé e sún mọ́ àpótí náà, mo tan kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń kọjá lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rọ ń pariwo lọ́dọ̀ ẹnjiníà. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan.

Bàbá mi nawọ́. Mo rò pé omi ni wọ́n fẹ́. Fóònù ni. Wọ́n gbà á, wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n wúkọ́ díẹ̀.

"Pììììììì," ni bàbá mi wí. Wọ́n dákẹ́. "Pììììììì."

Ẹnjiníà náà bi mí pé:

"Mà, ta nìyẹn?"

"Bàbá mi ni."

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ṣé bó ṣe ń lọ nìyẹn, tí kò yí padà?"

"Kò yí padà," ni bàbá mi dá a lóhùn. "Ewúrẹ́ tó bá ń ké báyìí, okùn ló fún un lọ́rùn."

"Ráàmù ni, bàbá. Pátákó pẹlẹbẹ kan tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan ni. Ó lè jẹ́ pé ó yẹ̀, ó sì lè jẹ́ eruku."

Ó ní ká yọ wáyà iná, ká ṣí àpótí náà. A ṣí i. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo eruku inú rẹ̀ dáadáa.

"Ilẹ̀ yìí tó gbin ẹ̀gẹ́ sí," ni wọ́n wí.

Mo yọ pátákó náà bí ẹnjiníà ṣe júwe. Mo fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ rẹ́ nu etí rẹ̀. Bàbá mi ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ibẹ̀ jọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọn ò gbójú sókè nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀.

"Eléyìí sàn. Nǹkan ń ṣe é, ó ń ké. Ìyá ẹ ò ké. Lọ́jọ́ tó kú, ó ní kò sí nǹkan, ó ní ó kàn rẹ òun ni. Inú ilé kan náà la wà, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Mo di pátákó yẹn mú lọ́wọ́.

"Èmi náà bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, bàbá. Wọ́n tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò gbọ́."

Bàbá mi mi orí. Wọ́n ní kí n dá nǹkan náà padà sáyè rẹ̀. Mo tì í títí ó fi dún kẹ́.

Nígbà tí a tan iná, ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n igbe mìíràn bẹ̀rẹ̀: pí-pí-pí-pí. Bàbá mi ti gbé fóònù kí n tó dìde.

"Ẹnjiníà, ó ti pààrọ̀ ohùn. Pí-pí-pí-pí."

"Bàbá, ẹ wò ó bóyá nǹkan kan tẹ bọ́tìnnì ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé."

A wò ó. Ìdérí irin tí a ṣí lára àpótí náà ló sùn gbalaja lórí gbogbo bọ́tìnnì. Bàbá mi ló gbé e síbẹ̀. Wọ́n rọra gbé e kúrò, wọ́n wo èmi àti aládùúgbò mi bí ẹni pé ọ̀kan nínú wa ló yẹ kó tọrọ àforíjì. Kọ̀ǹpútà dákẹ́, ó ṣí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá mi sọ fún àwọn àgbà ní mọ́ṣáláṣí pé àwọn tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọ̀kan gbé rédíò wá. Òmíràn gbé áyọ́ọ̀nù. Bàbá mi á gbé etí sí i, wọ́n á bi olóhun pé báwo ló ṣe ń ké. Èyí tí kò bá ké, wọ́n á ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan láti Oju Ore ti jẹnẹrétọ̀ kékeré wá. Ó jọ pé òun náà ti gbé Adó-Odò rí. Òun àti bàbá mi jókòó ti ẹ̀rọ náà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ oko àti òjò títí ìrun ìrọ̀lẹ́ fi tó. Mo gbé omi jáde fún wọn, mo ṣí ọmọrí táǹkì epo jẹnẹrétọ̀ náà wò. Kò sí epo kankan níbẹ̀. Mo dé e padà, mo fi wọ́n sílẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ wọn, mo wọlé.