Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Gé Ìtàkùn Ọ̀dùnkún

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká lẹ́nu mi, màmá mi gbé oyún lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ wa ní Òde-Ayé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Wọ́n ní kó dúró síbẹ̀ títí yóò fi bímọ. Kó tó wọkọ̀, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú: "Má sunkún. Tí ẹ bá ń wa ọ̀dùnkún, màá ti dé."

Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró de ìyá rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Mi ò lè jókòó. Mo máa lọ wo ebè lẹ́yìnkùlé, mo tún máa sáré lọ sójú títì, mo tún máa padà.

Àfi bí mo ṣe ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, tí mo bá ìyá màmá mi tó ń fi àdá gé gbogbo ìtàkùn ọ̀dùnkún náà. Ewé tútù yọ̀yọ̀! Mo figbe ta.

"Ìyá àgbà, ẹ ti pa á! Màmá ò ní wá mọ́!"

Ó nàró. "Ta ni mo pa? Àbí ewé lo fẹ́ jẹ, ìwọ ewúrẹ́ yìí? Tá a bá wà á báyìí, awọ rẹ̀ á bó, á sì jẹrà. Tá a bá gé ìtàkùn rẹ̀, awọ náà á le nínú ilẹ̀ ká tó wà á."

"Ìgbà wo ló máa le?"

"Ìgbà tó bá le."

Ṣé èsì nìyẹn fún ọmọdé? Mo ṣa ìtàkùn náà, mo ń gbìn ín padà sórí ebè, kí ọ̀dùnkún má bàa kú. Ìyá àgbà rí mi. Kò bínú. Ó fà mí lọ sí etí oko: "Ibí ni kó o gbìn ín sí. Ọ̀dùnkún wa tó ń bọ̀ nìyẹn." Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú títì lòun náà ń wò. Àṣé òun náà ò lè jókòó, bíi tèmi.

A ti wa ebè kejì lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dúró. Màmá mi sọ̀kalẹ̀, ó gbé àbúrò mi dání. "Ẹ ò tilẹ̀ dúró dè mí!"

Ayé ti yí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gé ìtàkùn kí wọ́n dúró kó le mọ́. Wọ́n á wà á, wọ́n á dì í sápò. Nígbà tí èmi náà lọ bímọ ní Okitipupa láìpẹ́ yìí, àràárọ̀ ni ọmọ mi àgbà ń rí ojú mi lórí fóònù. Mo rò pé ìyẹn á tó o. Màmá mi ní rárá: bí ọmọ náà bá ti gbé fóònù sílẹ̀, ó di ojú títì.

Mo ní, "Màmá, ẹ gé ìtàkùn díẹ̀ fún un, kó máa gbìn ín."