Abẹ́ Igi Òroǹbó Etí Adágún

Òórùn iyẹ̀pẹ̀ pupa tí òjò ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni ó kọ́kọ́ mú mi. Ilé wa ní Johannesburg wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, adágún sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òjò ìlú yìí kì í rọ̀ pẹ̀lẹ́: àárá á sán, yìnyín á bọ́, kí o tó kó aṣọ kúrò lórí okùn, ó ti dá. Lọ́jọ́ náà, mo mú ìgò jáàmù méjì jáde. Mo fi ọ̀kan bu omi tí ń ṣàn ní ẹ̀yìnkùlé wa, mo fi èkejì bu ti aládùúgbò wa tí koríko bo ilẹ̀ rẹ̀, mo sì gbé méjèèjì sí ojú fèrèsé ilé ìdáná. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ti aládùúgbò ti mọ́ bíi tíì tí kò ki. Tiwa ti pín sí ìpele: yanrìn nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ kíkúnná lórí rẹ̀, omi pupa lókè. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń wò ó bí ọmọdé ṣe ń wo ẹja. Ilẹ̀ mi ni mo rí nínú ìgò.

Ọ̀rẹ́ mi, ìṣirò owó ni mo kàwé fún, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀gbàrá kò jẹ́ kí n gbádùn oorun. Mo fi igi mẹ́ta, okùn àti òkúta kan ṣe ohun èlò tí ó dà bí lẹ́tà A, mo ń fi wá ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba láti apá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé èkejì. Mo gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú ìlà náà. Mo gbin koríko fẹ́tífà sí etí rẹ̀, ìdí kan sí èkejì kò ju ìbú ọwọ́ lọ. Gbòǹgbò koríko yìí kì í tàn kiri. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ tààrà, ó sì máa ń gùn ju ènìyàn lọ. Kò sí ohun tí ó dùn mọ́ mi bíi kí n rí omi tí ó ń sáré bọ̀ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó dúró, kí ó sì kó ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ni mo ń jà fún. Igi òroǹbó kan ni, tí ó wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Nígbà tí a bí ọmọbìnrin wa, ìyá mi wá láti Iléṣà láti bá wa wẹ ọmọ. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ já, òun ló sin ín síbẹ̀, tí ó sì gbin igi náà lé e. Ó ní, "Ibi tí ìwọ́ ẹni wà ni ilé ẹni. Ọmọ yìí ti ní ilé." Èmi tí wọ́n ń pè ní àjèjì níbi gbogbo ní ìlú yìí, mo dúró níbẹ̀, omi bọ́ lójú mi.

Lọ́dọọdún tí ó bá wá kí wa, ìyá mi a máa gbá abẹ́ igi náà láràárọ̀. Ọwọ̀ rẹ̀ láti Iléṣà ni. Ó máa ń gbá a títí yóò fi dán, tí ipa ọwọ̀ yóò fi hàn lára ilẹ̀ bí ilà. Ní tirẹ̀, ibi tí ìwọ́ ọmọ wà kò gbọdọ̀ di igbó. Mo gbé ìgò mi bu omi níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló pọ́n jù.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ̀ yìí ló ń kó ilẹ̀ lọ."

"Ọwọ̀ tí mo fi gbá ilé tí mo bí ẹ sí? Ṣé ilé baba rẹ ti wó ni?"

"Ilé baba mi wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú."

"Ẹ wá gbọ́ o! Akáńtáǹtì ti di àgbẹ̀."

Ìyàwó mi, ọmọ Zulu, gbá mi lọ́wọ́. "Eish, má bá Gogo jà." Bẹ́ẹ̀ ni òun àti ọmọ wa ń pe ìyá mi.

Mo gbin ìlà fẹ́tífà kan sí ìsàlẹ̀ igi náà. Ní àkókò òtútù, ìrì dídì òwúrọ̀ a máa pa ewé koríko yìí, yóò gbẹ, yóò dà bí òkú, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò rẹ̀ wà láàyè. Ìyá mi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá gbogbo ìlà náà tí ó ti hú u, tí ó kó o jọ síbi kan, inú rẹ̀ ń dùn. "Mo bá ẹ hú koríko tó kú yẹn. Ejò ni ìbá fi ṣe ilé." Mo ní kí ó kú iṣẹ́.

Òjò àkọ́kọ́ tí ó rọ̀ lẹ́yìn náà gé ilẹ̀ tí ó tó mọ́tò kan ní ìsàlẹ̀ igi náà bọ́ sínú adágún, ibẹ̀ sì di ọ̀gbun. Láti ọjọ́ náà ni etí ọ̀gbun ti ń bọ̀ wá bá igi. Mo ti to àpò ìdọ̀họ tí mo rọ iyẹ̀pẹ̀ sí. Mo ti to òkúta sínú àgò wáyà. Mo tún fẹ́tífà gbìn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń yẹ̀ kí gbòǹgbò tó wọlé, ìgbì adágún sì ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ibòmíràn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ló dúró gírígírí. Àwọn aládùúgbò ń wá wò ó, wọ́n ń bi mí bí mo ṣe ṣe é. Ibi kan ṣoṣo tí mo tìtorí rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí ni iṣẹ́ náà kò ràn.

Ọmọ wa ti wọ yunifásítì ní Auckland Park, nínú Johannesburg níbí. Mo ní kí ó wá bá mi gbé àpò. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn pé ìwọ́ yẹn ti di erùpẹ̀ tipẹ́, kí n hú igi náà lọ sí òkè. Mo bi ìyá mi lórí fóònù bóyá a lè ṣe bẹ́ẹ̀. "A kì í ṣí ìwọ́ ọmọ nídìí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?" N kò dárúkọ ọmọ.

Ẹsẹ̀ ìyá mi kò lè gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń pè wá, ìbéèrè kan náà ni: "Ṣé ẹ ń gbá abẹ́ igi ọmọ mi?" Mo máa ń ní, "À ń gbá a, Màmá." Igbó ti bo ibẹ̀, èmi ni mo gbìn ín. Mo ti mọ̀ báyìí pé ìfẹ́ rẹ̀ àti ìmọ̀ mi, ilẹ̀ kan náà ni àwa méjèèjì ń dì mú, ilẹ̀ náà kò sì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wa.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ na téèpù láti ìdí igi dé etí ọ̀gbun, mítà mẹ́rin ni. Òjò rọ̀ lánàá. Mo sọ̀ kalẹ̀ lówùúrọ̀ yìí, mo kúnlẹ̀, mo tún un wọ̀n. Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélógójì.