Àwọn Tó Dá Màámi Lóhùn Létí Òkun

Oṣù méje ni màámi ti lò nílé mi ní Redan, lẹ́yìn odi Atlanta, kí wọ́n tó sọ fún mi pé àwọn fẹ́ padà sí Ìlá. Wọn kò bínú, wọn kò sì ráhùn. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà lórí tábìlì bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Èmi nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn fínra, dókítà wọn kò sì jìnnà sí ilé mi. Ìpè kan wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, pé kí n wá ka iṣẹ́ ìwádìí mi níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àdúgbò kan létí Òkun Mẹditaréníà, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé.

"Ẹ bá mi lọ," ni mo wí. "Ẹ sinmi níbẹ̀ ná, kí ẹ tó pinnu."

"Ó dáa, Tíṣà." Wọn kì í pè mí bẹ́ẹ̀ àfi bí mo bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. "Ọjọ́ tí a bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ ni màá sọ tèmi."

Ó dá mi lójú pé èmi ni n óò borí. Mo ti mọ wákàtí tí wọ́n ń ṣí ọgbà kọ̀ọ̀kan, àti àtẹ̀gùn tó ní ohun tí àgbàlagbà lè dì mú. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé pélébé kan. Èrò mi ni pé ẹni tó bá fojú kan irú ẹwà bẹ́ẹ̀, tó sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọmọ òun ni ọ̀nà rẹ̀ ti là, kò ní kánjú padà sílé mọ́.

Àdúgbò náà kò já mi kulẹ̀. Àwọn ilé rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìbẹ́pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, fèrèsé wọn sì jẹ́ onípákó aláwọ̀ ewé. Etíkun wọn kò ní yanrìn. Òkúta wẹ́wẹ́ ni, tí omi máa ń wọ́ padà pẹ̀lú ìró ẹ̀wà tí à ń fẹ́ nínú atẹ. Lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ òkun kọjá, àwọn àgbàlagbà tó wọ aṣọ lílọ̀ jókòó lórí àga, wọ́n kọjú sí omi. Màámi kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú atẹ́gùn o."

Ọkùnrin kan ṣí fìlà. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó sì fi èdè tirẹ̀ dáhùn.

"Màámi, wọn kò gbọ́ Yorùbá."

"Ṣé mo ní wọ́n gbọ́ Yorùbá ni? Mo ní wọ́n dáhùn."

Mo ka ọ̀rọ̀ náà sí àwàdà.

Lọ́jọ́ kẹta, a lọ sí ilé ńlá kan tí wọ́n kó àwòrán àtijọ́ sí, láàárín ọgbà kan lórí òkè. Màámi ní àwọn yóò jókòó síta. Nígbà tí mo ka gbogbo àkọlé yàrá àkọ́kọ́ tán, bí ìṣe mi, mo jáde, mo sì bá àga wọn lófìfo. Mo wá wọn yí ọgbà ká. Ẹ̀yìn àwọn igi ọsàn kíkan ni mo ti rí wọn: bàbá arúgbó kan ń gé ẹ̀ka igi, màámi ń kó èyí tó gé jọ sójú kan. Wọn kò lè rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n má kí i, wọn kò sì lè kí i tán kí wọ́n káwọ́ gbera. Bàbá náà ti já ewé kan fún wọn. Wọ́n fi í sí mi nímú.

"Gbọ́ òórùn rẹ̀. Àbúrò efinrin ni."

"Màámi, àkókò tí wọ́n fún wa fún yàrá kejì ń kọjá lọ."

"Lọ wò ó. Èmi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀."

Bàbá náà sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan. Mo gbọ́ Faransé, mo sì fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n màámi ti mi orí.

"Orúnkún ló ń dùn ún."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ṣé orúnkún tiwọn yàtọ̀ ni?"

N kò lọ sí yàrá kejì. Mo jókòó, mo sì ń ronú ohun tó yẹ kí n ti rò ṣáájú: láàárín oṣù méje, ta ló dá wọn lóhùn ní àdúgbò wa? Ilẹ̀kùn gáréèjì á ṣí, ọkọ̀ á wọlé, ilẹ̀kùn á padé. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rántí ìrọ̀lẹ́ kan tí màámi dúró lójú fèrèsé, tí wọ́n ń juwọ́ sí ọkọ̀ aládùúgbò wa: "Ẹ kú àbọ̀ o." Mo ti rí wọn lọ́jọ́ náà, mo sì ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí a ń padà, mo ní, "Ẹ ò tíì sọ tiyín."

"Ilé rẹ dára. Ìtọ́jú rẹ kò kù síbì kan. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa kí ilẹ̀kùn."

"Dókítà yín ńkọ́?"

"Dókítà wà ní Ìlá. Ìwọ nìkan kọ́ ló kàwé."

Àlàyé tí mo ti tò sílẹ̀ láti fi dá wọn dúró kún ojú ewé méjì nínú ìwé pélébé mi. N kò ṣí i. Kí oṣù náà tó parí, mo sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfuurufú.

Láràárọ̀ ni mo máa ń pè wọ́n báyìí, kí n tó wa ọkọ̀ jáde ní gáréèjì. Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, iwájú ilé sì ni wọ́n máa ń jókòó sí. A kì í sọ gbólóhùn mẹ́ta kí ẹnìkan má kọjá. Wọ́n á ní, "Dúró ná," wọ́n á sì gbé fóònù sórí itan. Mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bi onítọ̀hún léèrè ìyàwó, ọmọ, àti oko, mo sì máa ń dúró títí yóò fi dáhùn tán.