Bàtà Òjò Dídì Láti Sábó Ògbómọ̀ṣọ́

Ìràwọ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí mo gbé àpò mi kọ́ ẹ̀yìn nílé wa ní Ọ̀yọ́. Bàbá mi, tó ń rán ìjánu àti gàárì fún àwọn ẹlẹ́ṣin ìlú wa, ti já okùn àpò náà dànù lálẹ́ àná. Ó ní okùn oge ni. Awọ méjì tó nípọn ló fi rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú irin ìkọ́ ńlá irú èyí tí wọ́n ń fi sí ìjánu ẹṣin. Mo ní ó ti wúwo jù. Ó ní kí n máa lọ, pé èyí kò ní já mọ́ mi léjìká. Mo rojú, mo dágbére, mo jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń wá lọ, kí ẹ má baà rò pé iṣu ni mo fẹ́ lọ rà. Ní ilẹ̀ Nọ́wè, níbi tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi tó dì, òjò ìgbà òtútù kì í rọ̀ bí omi. Ó máa ń dì kó tó balẹ̀, á funfun bí òwú, á sì ga dé orúnkún. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì ni wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Síkì ni wọ́n ń pè é. Íngà, ọ̀gá wa níbẹ̀, ti kà mí mọ́ àwọn tí yóò gun òkè jíjìn kan nígbà òtútù tó ń bọ̀ yìí, níbi tí kò sí ilé, tí kò sì sí ọ̀nà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ṣòfin: ẹni tí bàtà rẹ̀ kò bá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, tí ìdè tó so bàtà mọ́ síkì kò sì ṣeé gbọ́kàn lé, ìsàlẹ̀ òkè ni yóò jókòó sí tí yóò máa ṣọ́ rédíò. Èmi kò kàwé dé Nọ́wè láti lọ ṣọ́ rédíò.

Ẹsẹ̀ bàbá mi ni mo gbé wáyé, ó fẹ̀ níwájú, bàtà wọn lọ́hùn-ún kì í sì í gba irú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, bàtà fún mi débi pé ọmọ ìka mi méjì kú tipiri, tí n kò mọ̀ wọ́n lára mọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lọ́dọ̀ wa, ìyá á ra bàtà tó tóbi fún ọmọ, á ní kó máa dàgbà bá a. Mo máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, àṣé ọgbọ́n ni. Bàtà òtútù gbọ́dọ̀ gba ìbọ̀sẹ̀ méjì, kí ọmọ ìka sì tún ráyè jó nínú rẹ̀, torí ibi tí bàtà bá fún, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi, Àlàájì Ṣéhù, tó ń ta bàtà òkìríkà ní Sábó Ògbómọ̀ṣọ́, ló ràn mí lọ́wọ́. Mo ti fi àwòrán irú bàtà tí mò ń wá hàn án. Lọ́jọ́ kan, ó tú ẹrù, ó sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: bàtà awọ tó fẹ̀, tó ní ẹnu pẹlẹbẹ níwájú bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Abẹ́ ẹnu yẹn ni ihò mẹ́ta wà tí irin ìdè máa ń wọ̀. Mo fò sókè nínú yàrá. Mo ní kí ó bá mi tọ́jú rẹ̀.

Ní ibùdókọ̀ Ọ̀wọ́dé, mo wọ ọkọ̀ Máíkírà ní ẹgbẹ̀wá náírà. Èmi àti ìyá kan la fún ara wa mọ́ ìjókòó iwájú. Awakọ̀ wa mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń kó sí wọn. Ó bi mí ní ohun tí mò ń kọ́. Mo ní omi tó dì. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé ohun tí ìyàwó òun ń tà nínú ọ̀rá ni èèyàn tún ń wọkọ̀ òfuurufú lọ kọ́. Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín in.

Oòrùn ti ń ta nígbà tí mo dé Sábó. Àlàájì fi máásà pàdé mi, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n mú kan, tí wọ́n sì dín róbótó róbótó. Mo jẹ mẹ́rin kí ó tó gbé bàtà náà jáde, ó ń dán gbinrin. Wọ́n ti gé ẹnu pẹ́pẹ́yẹ náà kúrò lára méjèèjì.

Àlàájì ní, “Mo ti bá ẹ tún un ṣe, ọmọ mi.”

Àwọn àgbẹ̀ Ìkòyí-Ilé ló ń ra bàtà òtútù lọ́wọ́ rẹ̀ jù, nítorí ejò àti ẹ̀gún. Wọn kì í fọwọ́ kan èyí tó bá ní ẹnu, torí pé ó máa ń gbé wọn ṣubú láàárín ebè. Nítorí náà, gígé ni Àlàájì máa ń gé e. Tèmi ló wá ṣe dáadáa jù, ó yún un, ó kùn ún, nítorí pé ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú sí àgbàlagbà tó ṣe mí lóore? Mo jókòó sórí ẹrù òkìríkà, inú mi bàjẹ́ gan-an.

Mo ṣáà wọ bàtà náà. Ó bá mi mu bí ẹni pé ẹsẹ̀ mi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ìbọ̀sẹ̀ méjì wọ̀ ọ́, ọmọ ìka mi sì ń jó. Ìyẹn tilẹ̀ tún dùn mí sí i.

Ìdè oríṣi méjì ni Íngà kó fún mi wá sílé pé kí n yan ọ̀kan. Èkíní ni èyí tó ní irin mẹ́ta, ó fúyẹ́, ó sì rẹwà. Èkejì kò ju irin pẹlẹbẹ kan àti okùn rọ́bà tó ń yí iwájú bàtà àti gìgísẹ̀ ká. Mo ti máa ń pè é ní ìdè arúgbó. Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ ni mo rántí ìbéèrè tí Íngà máa ń bi wá: bí èyí bá bàjẹ́ níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, kí lo máa fi tún un ṣe? Bí ẹnu bàtà yẹn bá já lórí òkè, bí mo ṣe jókòó yìí gan-an ni n bá ṣe jókòó sínú òtútù. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo fa ìdè arúgbó, tí kò nílò ẹnu bàtà, jáde nínú àpò.

Nígbà tí Àlàájì gbọ́ ohun tí gígé yẹn fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, ojú tì í. Kí n lè dán ìdè náà wò nínú òtútù, òun fúnra rẹ̀ mú mi lọ sí àdúgbò Tákíè, lọ́dọ̀ Ìyá Kúdí, tó ní ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí. Káfíńtà ìtòsí bá wa kan ìdè náà mọ́ pákó méjì. A gbé gbogbo rẹ̀ sáàárín ẹja títí ó fi tutù wọ eegun. Mo wá pe Íngà lórí fídíò, Àlàájì di fóònù mú lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Kúdí sì ń kìlọ̀ pé bí ẹja òun bá yọ́, àwa la máa jẹ ẹ́ tán.

Mo wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, mo ki ẹsẹ̀ bọ ìdè, mo fa rọ́bà. Ó ti gan. Mo tún fà á, ó já pàú. Íngà mirí lójú fóònù, mo sì mọ̀ pé rédíò ló ń dúró dè mí. Ojú mi lọ síbi tí àpò mi wà nílẹ̀.

Mo já okùn bàbá mi méjèèjì kúrò lára àpò, mo gbé wọn sáàárín ẹja kí àwọn náà jẹ nínú òtútù. Mo ní kí Íngà má pa fóònù. Nígbà tí mo gbé wọn jáde, awọ tí bàbá mi ti fi òróró pa láìmọye ìgbà ṣì ń tẹ̀. Mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan yí gìgísẹ̀ ká, irin ńlá tí mo ti rojú sí láàárọ̀ kó sí mi lọ́wọ́ nínú ìbọ̀wọ́, ó sì kọ́. Mo rìn láàárín páálí ẹja, gìgísẹ̀ mi ń gbé sókè, bàtà kò kúrò lójú kan. Íngà ní kí n tú u, kí n tún un dè. Mo tú u, mo tún un dè.

Ó ní, “Ó dáa. O ń bá wa gòkè.”

Mo pariwo débi pé àwọn tó ń ra ẹja sá wọlé. Àlàájì náà tún ojú ṣe, ó bi mí pé bí òun kò bá gé ẹnu bàtà, ṣé n bá ti rí èyí yàn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin, gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Mo dé Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́, àpò mi lórí bí igbá ọjà, nítorí kò ní okùn mọ́. Ìrìn yìí kọ́ mi pé èyí tí mo lè fi ọwọ́ ara mi tún ṣe ni kí n máa yàn, ibi yòówù kí n ń lọ. Bàbá mi jókòó lẹ́nu iṣẹ́. Ó wo àpò, ó bèèrè ibi tí okùn òun wà. Mo gbé bàtà àti ìdè síwájú rẹ̀. Ó fa awọ náà wò, ó ṣí irin, ó sì tún un kọ́.

Ó ní, “Àdùkẹ́, ìjánu ni mo rí yìí. Ẹṣin rẹ̀ dà?”

Mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì síwájú rẹ̀. “Èmi rèé, Bàbá.”