Ọ̀pẹ Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Tí mo bá gbóòórùn ẹyìn tó ń hó lórí iná, ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá ní Williamsville, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni ọkàn mi máa ń lọ. Òórùn yẹn ló ń wọlé láti àgbàlá kejì, tó ń dà pọ̀ mọ́ ti ọ̀dà, lọ́sẹ̀ tí mo ya ọ̀pẹ sára ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ. Àwọn ìyá ìjọ ló ní kí n yà á de Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Inú ìwé kan ni mo ti rí irú rẹ̀, bí àwọn ará Ásíríà àtijọ́ ṣe gbẹ́ ẹ sára òkúta ààfin ọba wọn: ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, imọ̀ rẹ̀ sì nà sókè lọ́tùn-ún lósì. Mo tiẹ̀ fi tèmi kún un. Mo jẹ́ kí imọ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sórí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, èyí tí àwọn àgbà ìjọ máa ń gbà wọlé. Ó dùn ún wò lójú mi.

Ó ku díẹ̀ kí n parí nígbà tí bàbá ìjọ dé, àgbàlagbà ará Àjàṣẹ́ tó ti ṣe olùkọ́ rí. Ó wo ògiri náà títí.

“Ma fille, ọmọ mi, màrìwò lo fi sẹ́nu ọ̀nà yìí. Avant dimanche, kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé, kí o fi ọ̀dà funfun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.”

“Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò ní lè pa á rẹ́. Wọ́n gbẹ́ ọ̀pẹ sára ògiri tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì náà.”

“Mo ti ń ka Bíbélì kí wọ́n tó bí ọ.”

Inú bí mi. Mo ṣí ọ̀dà funfun, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé búrọ́ọ̀ṣì fún un. “Ẹ bá mi pa á rẹ́, Bàbá. Ọwọ́ tèmi ò gbà á.”

Ó gbà á lóòótọ́. Ó wá sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí bàbá òun ṣe ìrìbọmi, màrìwò ni àwọn ẹbí fi dí ẹnu ọ̀nà ilé mọ́ ọn. Èjìká bàbá náà lòun wà, màrìwò ń gbá òun lójú. Àwọn méjèèjì ò wọ ilé yẹn mọ́ títí bàbá náà fi kú.

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, síbẹ̀ mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. “Níbí, Bàbá, kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀pẹ lé yín síta.”

Ó pa imọ̀ orí ilẹ̀kùn nìkan rẹ́, ó dá búrọ́ọ̀ṣì padà fún mi. “Jẹ́ kí ìyókù wà.”

Ọdún ti gorí ọdún. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi ẹnu mi tí kò yẹ̀ lọ́jọ́ náà yangàn. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi kàn ya ọ̀pẹ ni, mo sì lọ sílé. Bàbá ló ní láti máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ń gbà á.